Ẹ̀rọ Kan Ṣoṣo Tí A Kò Yẹ̀ Wò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, gbogbo ìlú jí, wọ́n sì bá a pé àwọn ti mọ àìsàn tó ń ṣe gbogbo ìlú. Fáìlì àwọn aláìsàn ilé-ìwòsàn ńlá tó wà lórí òkè ti wà lórí ayélujára, gbayawu, ẹni tó bá ti ní fóònù lè kà á bó ṣe wù ú. Ẹ sì mọ ọmọ aráyé: àwọn tó kọ́kọ́ wá orúkọ ara wọn kò tó nǹkan, ti aládùúgbò ni wọ́n sáré wò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, olùkọ́ kan ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò nílé ọkọ. Ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà kan ti ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe ìgbéyàwó mọ́. Bàbá kan tó máa ń wàásù ìwà mímọ́ fún gbogbo àdúgbò sì ti pa fóònù rẹ̀, ó ní bátìrì ló kú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́pàá mú olè. Ká sòótọ́, ẹnì kan ni wọ́n mú. Pé olè ni, ìyẹn ni wọ́n ní kí Abẹ́rẹ́ wá fi kún un ní Ọjọ́bọ̀.

Abẹ́rẹ́ ni àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àgbà yìí, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, wọn kì í dán an wò lójú rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo. Àwọn adìẹ kan ti gbé e mì rí nítorí pé ó kéré, kò sì sí èyí tó sùn dáadáa nínú wọn lẹ́yìn náà.

Ọ̀gá rẹ̀ fi ìka kan ti ìwé ẹjọ́ náà sí i. "Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn náà ni. A bá irinṣẹ́ olè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀la ló ń lọ sí kóòtù. Ìwọ ṣáà bá wa rán ẹjọ́ yìí kó má jò."

"Bí ó bá jò ńkọ́, sà?"

"Kò gbọdọ̀ jò. Inú ń bí ìlú. Ọmọ yẹn á hu ewú lẹ́wọ̀n kó tó jáde."

"Mo gbọ́, sà. Ìyẹn bó bá jẹ́ òun ni."

Ọ̀gá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó rún òkúta mọ́ oúnjẹ.

*

Dókítà Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pe ọ̀gá àgbà ilé-ìwòsàn náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ wá orúkọ ọ̀hún. Òun ni dókítà àkọ́kọ́ tó ra ẹ̀rọ báyìí, òun ni àkọ́kọ́ tó dé àpérò báyìí; bó bá sín pàápàá, á wo ojú rẹ bóyá o ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Kò jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ dúró rárá. Ó dìde pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àwọn oníròyìn ńkọ́?"

"Èmi àti Sájẹ́ǹtì nìkan ni, Dókítà."

"Áà." Ó jókòó. "Ìyáàfin ọlọ́pàá, ẹjọ́ yìí ò le. Ẹ lọ wo inú kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn. Ètò tó ń wá ibi tí kọ̀ǹpútà kò ti lágbára ló kún ibẹ̀!"

"Ta ló ní kó máa lò ó?"

Dókítà wúkọ́. "Èmi ni. Ilé-ìwòsàn tiwa ni àkọ́kọ́ tó—"

"Ẹ̀yin lẹ gbé irinṣẹ́ olè náà lé e lọ́wọ́."

"Iṣẹ́ ni mo ní kó fi ṣe!"

Wolé-wolé ni wọ́n ń pe ètò náà níbẹ̀. Bí àwọn wolé-wolé ayé àtijọ́ ṣe máa ń ti ilé dé ilé, tí wọ́n ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà ńbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ètò yìí ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, tó ń ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó dè dáadáa. Èyí tó bá dè, á fi àwọ̀ ewé kọ ọ́. Èyí tí kò dè, á fi pupa kọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọmọbìnrin tó ń lò ó ní Arípupa, torí kò wọlé tọ ẹnikẹ́ni rí kó má mú ìròyìn pupa wá.

"Ibo ni olè gbà wọlé?" Abẹ́rẹ́ bèèrè.

Dókítà wo fèrèsé. "Kọ̀ǹpútà mi ni."

"Wolé-wolé ò rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ò dè?"

"Kì í yẹ tèmi wò. Mo ní kí ọmọ yẹn máa fò ó. Ìgbàkígbà tó bá dé orí tèmi, pupa! Níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́! Nítorí pé mo ní kí ọmọ yẹn ṣí i sílẹ̀ kí n lè máa ti òtẹ́ẹ̀lì wọlé sí i bí mo bá lọ àpérò. Ṣé irú èmi ni ẹ̀rọ yóò máa fi pupa kọ orúkọ rẹ̀?"

"Ta ló mọ̀ pé ẹ̀ ń fò ó?"

"Èmi àti ọmọ yẹn. Kò sí ẹnì kẹta lábẹ́ ọ̀run." Inú rẹ̀ dùn sí gbólóhùn náà, ó tún un sọ. "Kò sí ẹnì kẹta. Èmi ò sì lè ja ara mi lólè. Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ ti parí?"

Abẹ́rẹ́ dìde. Dókítà tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí kẹ̀, ẹ fojú sí igbákejì mi lára. Láti ọjọ́ Ajé ni inú rẹ̀ ti ń dùn."

*

Òótọ́ ni, inú igbákejì ń dùn. Ó ń mu tíì, ó sì ń fi ṣíbí lu etí ife bí ẹni ń ṣe orin.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n máa yọ ọ́ nípò?" ló kọ́kọ́ bèèrè.

"Ta?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Abẹ́rẹ́ jókòó, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. "Fáìlì tiyín náà wà níta, sà."

"Ti ara mi tó yún mí ni? Ìyẹn ò ṣe nǹkan."

"Aró tí ẹ fi ń kun irun ni ara yín kọ̀. Dókítà tó tọ́jú yín sì kọ ọjọ́ orí yín síbẹ̀. Mo ti wo èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ dàgbà nílé-ìwòsàn ju bí ẹ ṣe dàgbà ní ọ́fíìsì lọ. Ó yẹ kí ẹ ti fẹ̀yìn tì."

Ṣíbí dákẹ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Abẹ́rẹ́ ní. "Ìyẹn ló yọ yín. Kò sẹ́ni tó ń dáná sun ilé tí ẹrù rẹ̀ wà nínú rẹ̀."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sájẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Bí igbákejì ò bá ṣe é, Arípupa ló kù.

*

Wọ́n ti gba okùn bàtà Arípupa, bí wọ́n ṣe ń gba ti gbogbo ẹni tó bá wọ àtìmọ́lé kó má baà fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kí bàtà má baà bọ́.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Rárá, mà."

"Ta ló tún mọ̀ pé ẹ̀ ń fo kọ̀ǹpútà ọ̀gá?"

"Èmi àtàwọn nìkan ni, mà."

"O mọ̀ pé èsì yẹn lè sọ ẹ́ sẹ́wọ̀n?"

"Mo mọ̀, mà. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wá ẹlòmíràn nínú orí mi. Mi ò rí."

Abẹ́rẹ́ ti bá ọ̀pọ̀ olè sọ̀rọ̀. Kò tíì rí èyí tí kò lè rí ẹlòmíràn.

"Irinṣẹ́ tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

"Mà, ọ̀bẹ tí dókítà fi ń la ikùn àti ọ̀bẹ adigunjalè, irin kan náà ni. Wolé-wolé ò mọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí ayélujára. Sájẹ́ǹtì yìí náà lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán."

"Má fà mí wọ̀ ọ́ o," Sájẹ́ǹtì ní.

"Mo sọ fún Dókítà, mà. Mo ní, 'Sà, ẹ jẹ́ n bá yín ti ilẹ̀kùn yìí, ìta gan-an ló ṣí sí.' Wọ́n ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀." Ó wo bàtà rẹ̀. "Ìyá mi rò pé mo ti jalè. Wọ́n wá lánàá. Wọn ò bèèrè. Wọ́n kàn gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀."

Abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn. "Gbogbo ènìyàn ló bèèrè ohun tí olè kó. Kí ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?"

Arípupa gbójú sókè. "Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí níyẹn."

"Èmi ń bi ẹ́."

"Ẹ̀rọ ńlá tó ń tọ́jú fáìlì máa ń rántí, mà. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ipasẹ̀ olè náà sẹ́yìn, wọ́n á rí i." Ó sì júwe fún Sájẹ́ǹtì ibi tí yóò wò.

*

"Ọ̀gá, ẹ wá o!"

Sájẹ́ǹtì ti tẹ̀lé ipasẹ̀ náà dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí olè náà tó kó ohunkóhun, orúkọ kan ṣoṣo ló wá. Obìnrin kan ni, ó ti kú, ilé-ìwòsàn yẹn náà ló kú sí. Olè náà ṣí fáìlì rẹ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ìgbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo yòókù, láìwo ọ̀kan nínú wọn, bí ẹni tó ń da ẹrù síta láti inú ilé tó ń jó.

Abẹ́rẹ́ pe Dókítà Àkọ́kọ́ lórí fóònù.

"Mi ò lè sọ ohun tó wà nínú fáìlì òkú," Dókítà ní. "Àṣírí aláìsàn ni. Èmi ni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí òfin àṣírí níbí."

Sájẹ́ǹtì rọra fa fóònù tirẹ̀ yọ. "Ọ̀gá, gbogbo ayé ló ti ní in lọ́wọ́."

Wọ́n kà á. Òye egbòogi tó wà ńbẹ̀ ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó kọ ìparí rẹ̀ yé ọmọdé: *Mo tún ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà. Wọ́n ní kí a ní sùúrù, wọ́n ń ya àwọn ní fọ́tò lọ́wọ́.* Lábẹ́ rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan náà kọ ọ́ sí pé obìnrin náà ti dákẹ́.

"Ọkọ rẹ̀ ni!" Sájẹ́ǹtì fọwọ́ lu itan. "Ta ló tún lè jẹ́?"

"Ó lọ́mọ?"

Sájẹ́ǹtì wo fóònù rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọmọbìnrin kan. Fáìlì ọmọ náà wà níta pẹ̀lú. Ọ̀gá, òun ni ẹbí ọkọ rẹ̀ kọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣé bàbá kan á sun ilé tí ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀? Ká tiẹ̀ ní yóò sun ún, báwo ló ṣe máa mọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń fò?" Abẹ́rẹ́ mi orí. "Kò bára mu."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn há sí i lọ́fun bí eegun ẹja. Ó gbé báàgì rẹ̀.

*

Lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà Àkọ́kọ́ mú un dúró. Ó ti mọ̀ pé oníròyìn kankan ò tẹ̀lé e. Obìnrin tó ń gba àlejò ní kó jókòó lórí bẹ́ǹṣì inú gbọ̀ngàn, ọ̀gá ń ṣèpàdé.

Ẹni tí wọ́n bá mú dúró kò níṣẹ́ méjì ju kó máa wo ògiri. Lórí ògiri tó kọjú sí bẹ́ǹṣì, fọ́tò kan wà tó ga tó ilẹ̀kùn: Dókítà Àkọ́kọ́ wọ aṣọ funfun, ó kẹ́sẹ̀ léra, eyín rẹ̀ ń dán, ó ń fọwọ́ hàn wá ní ojú kọ̀ǹpútà ńlá kan. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ilé-ìwòsàn àkọ́kọ́ tí Wolé-wolé ò rí àbùkù kankan lára rẹ̀ nìyí. Lójú kọ̀ǹpútà náà, ewé ni gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, bí oko àgbàdo lẹ́yìn òjò.

Abẹ́rẹ́ wọ awò ojú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Lókè pátápátá, níbi tí èjìká Dókítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó, ìlà kan wà tó ní àwọ̀ eérú: *Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àgbà.* Àdírẹ́sì tí èèyàn fi lè ti ìta kàn án lára wà ńbẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: *A kò yẹ èyí wò.*

Kò sí ẹnì kẹta lábẹ́ ọ̀run. Ọ̀gbẹ́ni náà ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá gba oògùn ikọ́, ó sì fi férémù wúrà yí i ká.

"Ìgbà wo ni wọ́n ya fọ́tò yìí?" Abẹ́rẹ́ bi obìnrin tó ń gba àlejò.

"Ọjọ́ ayẹyẹ ìwé-ẹ̀rí wa, mà. Odindi ọ̀sán la fi yà á. Ọ̀gá ní a ò tíì rí eyín àwọn dáadáa."

"Ta ló máa ń pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì yìí?"

"Ta ni ì bá jẹ́ ju Bàbá Ẹ-jọ̀ọ́?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dà bí ẹni pé ó kábàámọ̀ rẹ̀. "Ìyàwó wọn ló kú síbí. Wọ́n á dé, wọ́n á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ka fáìlì ìyàwó mi.' Ọ̀gá á ní àṣírí aláìsàn ni. Wọ́n á wá jókòó, wọ́n á máa wo fọ́tò yìí. Mo tiẹ̀ rò pé wọ́n fẹ́ràn ọ̀gá ni. Ó ti ṣe díẹ̀ tí wọn ò wá mọ́."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì?"

"Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, mà. Àwọn ni wọ́n ń bójú tó ẹ̀rọ."

Abẹ́rẹ́ yọ awò ojú rẹ̀. Òfin tó fi yọ igbákejì ṣì dúró: kò sẹ́ni tó ń sun ilé tí ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló gbójú fo ìdajì òfin náà. Ìyẹn bó bá mọ̀ pé ọmọ náà wà nínú ilé.

*

Bàbá náà ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Aṣọ tí wọ́n fi ń sùn ló wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà aláwọ dúdú ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti fi pólíṣì nù ún títí ó ń kọ mànà, ó sì so okùn rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ fẹ́ jáde ni, Bàbá?"

"Láràárọ̀ ni mo ń jáde, láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé wọ́n mú ọmọ yẹn. Mi ò tíì kọjá àga yìí." Ó tọ́ka sí i. "Ẹ wọlé, ìyáàfin. Ẹ̀yin ni mo ń bọ̀ wá bá."

Kò jẹ́ kí wọ́n bi í. Wolé-wolé ló lò, ó ní, ọ̀fẹ́ ni. Àdírẹ́sì ara ògiri ló fún un, ètò náà sì sọ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ilẹ̀kùn ò dè. "Fáìlì kan ni mo bá lọ. Ẹ gbà mí gbọ́. Nígbà tí mo wá ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ... Fọ́tò yẹn, ìyáàfin. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó níwájú ẹ̀. Ohun tó pa ìyàwó mi ni mo ń wò, tí mo sì ń bẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ kó gbogbo yòókù?"

"Bí mo bá gbé ẹyọ kan jáde, wọ́n á ní irọ́ bàbá arúgbó ni. Mo ní bí gbogbo rẹ̀ bá wà níta, wọn ò ní lè sẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí ayé ka ìlà kan. Ìlà kan péré." Ó wo ojú Abẹ́rẹ́. "Ṣé ẹ rí ẹnì kan tó kà á?"

"Mo kà á, Bàbá."

"Ẹlòmíràn ńkọ́?"

Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀.

"Ti ọmọ mi ni wọ́n kà," bàbá náà ní. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí ilẹ̀kùn kan tó wà ní títì lẹ́yìn rẹ̀. "Ó máa ń sọ fún mi pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun. Mi ò mọ̀ pé ó tẹsẹ̀ bọ ilé-ìwòsàn yẹn rí. Orí fóònù ni èmi náà ti mọ̀, bí gbogbo ayé."

"Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wà látìmọ́lé."

"Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀." Kò wá àwáwí kankan. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn títì náà. "Mò ń lọ o."

Ó dúró níbẹ̀ títí Sájẹ́ǹtì fi fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká. Abẹ́rẹ́ fojú dá a dúró. Nígbà náà ni ohùn kan jáde láti inú yàrá, ó gbẹ, kò sún mọ́ ilẹ̀kùn:

"Ẹ mú súwẹ́tà yín dání. Ibẹ̀ á tutù."

*

"Ìlà tí nọ́ọ̀sì kọ ńkọ́, sà?" Abẹ́rẹ́ bi ọ̀gá rẹ̀.

"Ohun tí wọ́n jí ni. Ta ló máa gbé ẹrù olè síwájú adájọ́? Mú èyí tó jalè wá, kí o sì lọ sinmi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. Fóònù Abẹ́rẹ́ dún bí Sájẹ́ǹtì ṣe ń ṣí àtìmọ́lé fún Arípupa. Dókítà Àkọ́kọ́ ni, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí gbogbo yàrá ń gbọ́, bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́.

"Mo gbọ́ pé ọmọ yẹn kọ́! Mo ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un kó padà síṣẹ́ lọ́la. Àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo ààbò wa, mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ewé."

"Kọ̀ǹpútà yín ńkọ́, Dókítà?"

"Tuntun ni mo rà. Kó má wulẹ̀ fi Wolé-wolé yọ ọ́ lẹ́nu. Kó fò ó ná."

Arípupa gbọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà ni òun àti bàbá náà ti pàdé, èkínní ń jáde, èkejì ń wọlé. Bàbá náà ṣí fìlà lórí.

"Ìwọ lọmọ náà?"

"Èmi ni, sà."

"Ìyà tèmi lo jẹ."

Ọmọbìnrin náà wò ó. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ olè yìí, ó sì ń wá ibi tí yóò gbé wọn sí báyìí tó jẹ́ arúgbó tó gbé súwẹ́tà lápá.

"Ẹ ò bá ti wá láti ọjọ́ Ajé, sà," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," bàbá náà ní.

Sájẹ́ǹtì fún Arípupa ní okùn bàtà rẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré kan. Ó jókòó, ó fi okùn náà bọ ojú ihò bàtà, ó fà á le, ó sì so ó ní kókó méjì. Lẹ́yìn náà Sájẹ́ǹtì yíjú sí bàbá náà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sì na ọ̀rá tó ti ṣófo náà sí i.

Bàbá náà kọ́kọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó yé e, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ mú orí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà tó ti ń so láràárọ̀.